Láti Kíláàsì D sí Kíláàsì A

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, pè mí lóru. Ilé-ìwé ti fi ọmọ wọn sí kíláàsì ìṣirò àwọn tí ọpọlọ wọn kò yá. "Mo yọjú wo kíláàsì náà," wọ́n ní. "Ọmọ dúdú ló kún ibẹ̀. Yàrá kejì ni àwọn òyìnbó wà, pẹ̀lú olùkọ́ tó dára jù."

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílùú yẹn. Ní 1954, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fòpin sí yíya ilé-ìwé ọmọ dúdú sọ́tọ̀ sí ti òyìnbó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ Washington bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọn ọmọ ilé-ìwé girama sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, láti orí àwọn olórí pípé dé orí àwọn tí wọ́n kà sí olódo. Ìdánwò ni wọ́n gbára lé. Àwọn ọmọ dúdú àti ọmọ tálákà ló kún ìsàlẹ̀; ẹni tó bá sì bọ́ síbẹ̀ kì í sábà gòkè mọ́, nítorí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún un kò lè gbé e dé òkè. Julius Hobson, tí ọmọ tirẹ̀ náà wà ní ilé-ìwé ìjọba níbẹ̀, pe ẹjọ́. Ní 1967, Adájọ́ J. Skelly Wright dá a láre, ó sì pàṣẹ kí wọ́n pa ètò náà tì: ìdánwò tí wọ́n fi ọmọ òyìnbó láti ilé tó rí já jẹ ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀ kò lè sọ bí ọpọlọ ọmọ dúdú tó tòṣì ṣe tó.

Mo ro gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi bí ọ̀mọ̀wé. Tèmi ni n kò sọ.

Ní Èkó, dúdú ni gbogbo wa, síbẹ̀ a mọ ìsàlẹ̀. Ní ilé-ìwé ìjọba tí mo lọ, bí ọmọ bá wọ SS1, A ni kíláàsì sáyẹ́ǹsì, D ni ti àwọn tí wọ́n ní kò mọ nǹkan kan. Òrùlé D ń jò. Olùkọ́ ìṣirò lè má yọjú síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó gba 48 nínú ìṣirò, a sì jọ bá ara wa ní D. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ. Kí òun tó wá sílé-ìwé, á ti kiri dé ibùdókọ̀. Olùkọ́ ni bàbá mi. Wọ́n so táì mọ́rùn, wọ́n lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, àwọn méjèèjì sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kejì, mo ń gbé tábìlì mi lọ sí A. Ọ̀rẹ́ mi ló bá mi gbé ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ṣé bàbá ẹ lè bá wọn sọ tèmi náà?" ó bi mí.

Mo ní màá sọ fún wọn. N kò sọ. Ẹ̀rù bà mí pé bí a bá béèrè fún ẹni méjì, wọ́n lè gba ti ẹnì kan padà. (Yorùbá ni mo sì padà lọ kà ní yunifásítì, àga sáyẹ́ǹsì tí mo gbà, n kò lò ó.)

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé-ìwé náà lọ́jọ́ Ajé. Kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, ọmọ wọn ti bọ́ sí yàrá kejì. Inú wọn dùn púpọ̀ nígbà tí wọ́n tún pè mí.

"Ta ló ń jókòó tì í tẹ́lẹ̀?" mo béèrè.

Ọmọ kan ni, wọ́n ní, tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru. Ìyá náà àti àwọn kò tí ì fojú kan ara wọn rí.

"Ẹ wá ìyá náà," mo ní. "Ẹ bá a lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń pe ọmọ wọn láti pálọ̀ pé kó wá sọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀.