Èènì Tí Kì Í Báni Délé

Òkè ló yí ìlú Ìdáàsà ní Benin ká. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n máa ń ka àwọn òkè náà sí. Ìlú oríta ni pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó ti Kútọnu bọ̀ ti pín sí méjì: ọ̀kan ń lọ sí Parakou, èkejì dorí kọ Savalou. Lóṣù Kẹjọ ọdọọdún, àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì máa ń rọ́ wá síbi ihò àpáta Arigbo láti bọ̀wọ̀ fún Màríà Wúńdíá. Ibi tí èrò bá ti ń kọjá, owó ń kọjá níbẹ̀, ẹni tó ń wá owó ọ̀hún kì í sì í jìnnà. Ṣùgbọ́n onítẹ́tẹ́ ayé òde òní kò nílò àtijókòó sí oríta mọ́. Inú fóònù ló wà.

Tẹ́tẹ́ kì í ṣe àlejò ní Benin. Láti 1967 ni Loterie Nationale du Bénin ti wà. Ohun tó gba àròjinlẹ̀ ni ẹ̀bùn tí àwọn ilé tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń kí àlejò káàbọ̀. Ẹ fi 10,000 fáráǹkì ránṣẹ́ láti inú MoMo, àpò owó orí fóònù, wọ́n á fi 10,000 mìíràn lé e. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwa tí a lè dúró ná iṣu títí oòrùn á fi wọ̀, a kì í bi ẹni tó ń fún wa ní 10,000 ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Lọ́jà, bí ìyá onígààrí bá wọn gààrí tán tó bu èènì lé e, èènì ti di tiwa nìyẹn. Kò ní ní ká padà wá ra gààrí nígbà márùndínlógójì ká tó lè gbé e délé. Ohun tó sábà máa ń wà nínú ìwé àdéhùn ilé tẹ́tẹ́ gan-an nìyẹn.

Ká ní àdéhùn sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ fi ìlọ́po 35 ẹ̀bùn náà ta kí ẹ tó gba owó jáde. 10,000 lọ́nà 35 jẹ́ 350,000. Bí eré tí ẹ ń ta bá ń dá 96 padà nínú 100 fáráǹkì, 4 ń dúró sọ́wọ́ onílé ní ìpíndọ́gba. Lórí 350,000, ìyẹn di 14,000. Ẹ̀bùn 10,000 wá ń náni ní 14,000! Bí wọ́n bá ka owó tiyín mọ́ ọn, 700,000 lẹ máa ta, tiwọn nínú rẹ̀ á sì jẹ́ 28,000, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ kò ju 20,000 lọ. Àwọn kan ń jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ọ̀pọ̀ á ti tán kí wọ́n tó ta dé ibi tí àdéhùn sọ.

Kò sí idán níbẹ̀. Ẹ wo roulette, eré tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń fi àgbá tó ń yí ta: nọ́ńbà 37 ló wà lára irú ti Yúróòpù. Bí ẹ bá fi 100 fáráǹkì lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, 3,700 lẹ ná. Èyí tó bá jẹ á dá 3,600 padà. Àdúrà kò lè dá 100 tó kù padà, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe eré náà nìyẹn.

Nítorí náà, kí àgbàlagbà tó máa ta á ka àdéhùn kó tó tẹ bọ́tìnnì: ìlọ́po mélòó? Ọjọ́ mélòó? Eré wo ni wọ́n ń kà, èwo ni wọn kì í kà? Èló ni wọ́n gbà kéèyàn gbà jáde? Orúkọ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ ni kó fi forúkọ sílẹ̀, kí ìjà má bàa wà lọ́jọ́ ìgbowó. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: owó tí kò ní dunni bó bá lọ ni ká fi ta á, kó má jẹ́ owó ọjà, owó ilé ìwé ọmọ tàbí owó tá a yá. Bó bá ti tán, kí eré tán. Lílé owó tó ti lọ ló ń sọ eré di gbèsè. Ẹni tí kò bá lè dáwọ́ dúró mọ́, kó sọ fún ará ilé rẹ̀, kó sì ní kí ilé tẹ́tẹ́ ti àkáǹtì òun pa.

Kò sí ẹni tó fi dandan lé e pé ká gba ẹ̀bùn. A lè kọ̀ ọ́, ká fi owó tiwa nìkan ta, ká sì gba èyí tó bá ṣẹ́kù láìsí àdéhùn ẹ̀bùn lọ́rùn wa. Lójú tèmi, lẹ́yìn ìṣirò òkè yìí, kíkọ̀ yẹn gan-an ló lérè jù.