Ìtọ́jú Ọmọdé Kò Pin Sórí Òògùn

Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú, ó ń wúkọ́, ara rẹ̀ sì gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó sì ń ṣeré. Dókítà yẹ àyà, etí àti ọ̀fun rẹ̀ wò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kò sí ibà. Ó ní ọ̀fìnkìn lásán ni, yóò lọ fúnra rẹ̀. Kò kọ abẹ́rẹ́, kò kọ òògùn apakòkòrò. Ó ní kí ìyá náà tètè padà wá bí ọmọ bá ń mí gúlegúle, bí kò bá lè mu ohunkóhun, tàbí bí gìrì bá mú un.

Inú ìyá náà kò dùn. Owó ọkọ̀ ti lọ, owó káàdì ti lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo. Kí ó tó délé, ó yà sí kẹ́mísì, ó ra òògùn mẹ́ta.

Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ní ilẹ̀ tí ibà ti pa ọmọ púpọ̀, ẹ̀rù ni ó ń ra òògùn náà. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń fi ẹ̀rù yìí pawó. Bí ara ọmọ bá ti gbóná, wọn a ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fìdí táífọ́ọ̀dù múlẹ̀. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa ṣe àyẹ̀wò kí a tó lo òògùn ibà. Amoxicillin kò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì tí ń fa ọ̀fìnkìn. Ó lè fa ìgbẹ́ gbuuru, ìlòkulò rẹ̀ sì ń mú kí òògùn má ran kòkòrò mọ́ ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ gan-an.

Ẹ̀kọ́ tí ó korò jù wáyé ní Nàìjíríà ní 2008. Eyín híhù kì í ṣe àrùn, síbẹ̀ òògùn olómi kan tí a ń pè ní “My Pikin” wà lórí àtẹ fún un. Èròjà olóró diethylene glycol wọ inú rẹ̀. Kíndìnrín àwọn ọmọ daṣẹ́ sílẹ̀. Ó kéré tán, 84 kú. Eyín wọn ìbá hù láìsí òògùn kankan.

Èyí kò sọ pé kí òbí sá fún ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ àjẹsára kò sì sí lára àpọ̀jù. Ìbéèrè ni ó yẹ kí òbí máa bi dókítà: kí ni àyẹ̀wò yìí yóò yí padà nínú ìtọ́jú ọmọ? Bí a bá dúró di ọ̀la ńkọ́? Kí dókítà náà sì fara balẹ̀ ṣàlàyé, kí ìyá lè mọ̀ pé òun kò lọ lásán. Abèèrè kì í ṣìnà.