Ìrìn Àjò Ọjọ́ Kan sí Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kíkó ìdílé jáde lọ gbafẹ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo kì í ṣe iṣẹ́, ẹ bi í bóyá òun ni akọ̀wé. Èmi ni akọ̀wé ilé wa ní ìsinmi Kérésìmesì ọdún 2023, ìwé olójú-ewé ogójì tí mo fi ṣe iṣẹ́ náà sì wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí. Epo ẹja ti ta sí ewé mẹ́rin nínú rẹ̀.

Ara ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àbíkẹ́yìn ilé wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń wo ibi tí ẹja ńlá kan ti ń fò sókè láti inú odò àtọwọ́dá, tí omi ń ta sí àwọn òyìnbó lára, tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Ó dìde, ó ní, "Bọ̀dá mi, ọjọ́ wo la máa lọ wo eléyìí?" Ẹ̀bà wà lẹ́nu mi. Mo ní, "A máa lọ." Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí ó tó kí mi ni yóò ti béèrè bóyá òní ni.

Mo wádìí. Ọgbà irú rẹ̀ tó lókìkí ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, ti wà láti ọdún 1964. Èyí tí mo rí nílẹ̀ Áfíríkà ni uShaka, tí wọ́n ṣí ní Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 2004. Irú rẹ̀ kò sí ní Ìkòròdú tí à ń gbé, kò sì sí ní Ẹ̀pẹ́. Mo tún rí i kà pé sinimá kan jáde ní ọdún 2013 tó fi ìyà tó ń jẹ àwọn ẹja ńlá wọ̀nyí nínú ìhámọ́ han gbogbo ayé, àti pé ní ọdún 2016 àwọn tó ni ọgbà San Diego kéde pé irú-ọmọ wọn kan, èyí tó dúdú tó sì funfun, kò ní í bímọ lọ́dọ̀ àwọn mọ́. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí àbúrò mi létí, mo rò pé àánú yóò ṣe é, kí ó lè gbàgbé. Ó ní a kò gbọdọ̀ pẹ́ rárá, kí a lè bá wọn kí wọ́n tó tán.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé iwájú Bàbá wa nìyẹn, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn oúnjẹ. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Owó ọkọ̀ òfuurufú ènìyàn méje lọ sí Durban? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ta ilé yìí ná." Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá wa, jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti bí ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ṣe etí rẹ̀.

Ó ní, "Kí ni wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wò?"

Mo ní, "Ẹja ni, Ìyá Àgbà."

"Ẹja? Wọ́n fẹ́ sanwó wo ẹja? Ẹja tí mo tà títí tí mo fi rán ẹni tó jókòó yìí ní ilé-ẹ̀kọ́! Ẹ gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Èmi náà fẹ́ lọ wò ó kí ojú yìí tó ṣú tán."

Ilé pa rọ́rọ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Ìyá Àgbà, ọdún kọkànlá sì nìyẹn tí kò ti fojú kan ibẹ̀. Bí òkú bá kú níbẹ̀, Bàbá nìkan ni yóò lọ, yóò sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. A rò pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè. Àbíkẹ́yìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ṣé ẹja ibẹ̀ máa ń fò?" Ìyá Àgbà dá a lóhùn pé bí wọ́n bá dà á sínú agbada epo, yóò fò.

Báyìí ni wọ́n ṣe fi mí jẹ akọ̀wé. Wọ́n dá ọjọ́ sí Sátidé tó tẹ̀lé e.

Ọkọ̀ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Mọ́tò Bàbá kò lè gba ju ènìyàn márùn-ún lọ, àwa sì jẹ́ méje: Bàbá, Ìyá wa, Ìyá Àgbà, èmi, àti àwọn àbúrò mi mẹ́ta. Àbúrò mi tó tẹ̀lé mi ní kí á fún ara wa mọ́ra. Ìyá wa bi í bóyá orí itan rẹ̀ ni Ìyá Àgbà yóò jókòó sí. A pinnu láti háyà kọ́rọ́pẹ́ ọmọ àdúgbò kan. Ó ní 30,000 náírà ni òun yóò gbà láti àárọ̀ di alẹ́. Mo ní 15,000. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ó bi mí bóyá n kò tí ì gbọ́ pé wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ta ni kò gbọ́? Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún náà, jálá epo tí à ń rà ní nǹkan tí kò tó 200 náírà ti kọjá 500. A parí rẹ̀ sí 22,000, pẹ̀lú àdéhùn pé a óò fún un lóúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá dá ìjà sílẹ̀. Ìyá wa ní kí á se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà, kí á má baà náwó níta. Ìyá Àgbà ní bí ẹnikẹ́ni bá rí òun tí òun gbé ìrẹsì wọ Ẹ̀pẹ́, òun kò ní í lè dá a lóhùn. Ó ní ìkòkorẹ́ àti ẹja tútù ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Wọ́n fi ìdajì ọjọ́ fà á. Níkẹyìn, ohun tí mo kọ sínú ìwé ni: "Ìrẹsì, fún ọmọdé àti awakọ̀. Kí kúlà wà lábẹ́ àga."

Àbíkẹ́yìn kò bá wa dá sí èyí. Ohun kan ṣoṣo ló ní òun ń fẹ́: kí òun ṣáà wọ inú ọkọ̀, kí òun wà lójú omi. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ tán kí Bàbá tó gbọ́.

Ó ní, "Pa á rẹ́. Kò sí ọmọ mi tó máa wọ ọkọ̀ ojú omi."

Kò pariwo. Ohùn tó fi sọ ọ́ ni a kò mọ̀ rí. Ẹ̀yin ará, ilé wa kò jìnnà sí èbúté Ìkòròdú, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó láràárọ̀, ṣùgbọ́n nínú àwa ọmọ mẹ́rin, kò sí ẹni tó mọ omi í wẹ̀. N kò béèrè ìdí rẹ̀ rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà pé bí àwọn Bàbá kan ṣe rí nìyẹn.

Ìyá Àgbà ló sọ ọ́, láìgbé ojú kúrò lára fèrèsé. Bàbá wa ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tí a kò gbúròó rẹ̀ rí. Ó tẹ̀lé àwọn kan lọ gbé gàrí ní òdìkejì ọ̀sà ní ìgbà òjò. Atẹ́gùn dé nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ọkọ̀ dojú dé. Bàbá wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, òun ló sì dúró létí omi tó ń retí rẹ̀.

Bàbá ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá Àgbà ní, "Jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Omi kọ́ ló pa á. Ẹrù àpọ̀jù ló pa á. Mo kà á fún wọn: ọkọ̀ tí í gba àpò mẹ́wàá, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n kó sí i. Èmi tí mo bí i, ní ọjọ́ kẹsàn-án mo padà wọ ọkọ̀, nítorí ẹja ti wà lọ́wọ́ àwọn apẹja, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ tà. Bí n kò bá wọ̀ ọ́, ta ni ìbá bọ́ ẹ?"

Bàbá dìde, ó wọ yàrá lọ. N kò pa ìlà náà rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì fọwọ́ kan ìwé náà fún ọjọ́ méjì. Mo rò pé ìrìn àjò ti fọ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́bọ̀, Bàbá ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan. Ó gbé e sórí tábìlì, ó lọ wẹ̀. Nígbà tí a tú u, láìfù jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé kan ló wà níbẹ̀, aláwọ̀ ọsàn, tuntun. Ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn oúnjẹ ó ní kí n gbé ìwé mi wá, kí n kọ ọ́ sí i: 12,000 náírà. Mo kọ ọ́. Àbíkẹ́yìn wọ̀ ọ́ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn nípa ojú ọ̀nà. A kúrò nílé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ dípò mẹ́fà, a gba Odògúnyàn àti Ìtóìkín. Kòtò tó wà lọ́nà tó èyí tí Ìyá Àgbà fi ń mọ ibi tí a dé láìwo ìta. Ohun tó ń bá àwọn àbúrò mi sọ ni ìtàn Kòsọ́kọ́, ọba tí àwọn òyìnbó fi ìbọn ọkọ̀ ogun lé kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́, tó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn níbẹ̀ pẹ̀lú aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1854. Nítorí èyí ni Èkó-Ẹ̀pẹ́ ṣe wà lọ́tọ̀, tí Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ wà lọ́tọ̀. Ó ní àwọn ará ibí mọ bí a ti í gba àlejò tó ti ojú omi wá.

Ọjà Olúwo ni a kọ́kọ́ yà sí. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tí ì dé ibẹ̀, ẹ gbìyànjú. Àrọ̀ ń yí nínú ọpọ́n, epìyà ń ta omi, ọ̀bọ̀kún wà níbẹ̀, akàn wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń gun ara wọn lórí. Àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè èyí tó máa ń fò. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹja tó rí nínú amóhùnmáwòrán, ti òkun ni, ọ̀sà sì nìyí. Ní Èkó ni òkun ti ń wọlé bá ọ̀sà, bí ènìyàn bá sì ti ń bọ̀ níhà Ẹ̀pẹ́ ni iyọ̀ inú omi ń dín kù. Ìyá Àgbà ní omi yìí ni àwọn ń bù mu nígbà èwe àwọn. Ó tún sọ nípa ẹran ńlá kan tó máa ń jẹ koríko lábẹ́ omi, tí ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, tí àwọn ọdẹ odò ń pa nígbà náà. Manatee ni òyìnbó ń pè é. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1985 kò fàyè gba pípa rẹ̀ mọ́.

Àbíkẹ́yìn rí ìjàpá omi kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ mọ́ òpó. Ó dúró tì í. Ó bi mí bóyá ìhámọ́ tí mo kà fún òun nínú ìwé nìyẹn. N kò rí èsì fọ̀. Mo fà á lọ́wọ́, mo ní ìyá rẹ̀ ń pè é.

Ìyá Àgbà kò rí ojú àwọn ènìyàn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n bó ti ń ná ẹja, obìnrin àgbàlagbà kan láti orí ìsọ̀ kẹta dá ohùn rẹ̀ mọ̀, ó pariwo. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n ti yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ kàn án, wọ́n ń dárúkọ àwọn tó ti kú fún un lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń sunkún, ó sì tún ń yọ owó tí ẹlẹ́ja fi gbowó lérí. Mo fi ìṣirò owó ẹja sílẹ̀ fún ọjọ́ náà.

Ọ̀sán ti pọ́n kí á tó dé etí omi. Ìyá wa ní òun yóò dúró ti ẹja àti kúlà. Ọlọ́kọ̀ fún wa ní jákẹ́ẹ̀tì, ti Àbíkẹ́yìn ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti Ìkòròdú. Ìyá Àgbà bi ọlọ́kọ̀ iye ènìyàn tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbà. Ó ní mẹ́wàá. Ó ní, "Ó dára. Àwa márùn-ún nìkan ni kí o gbé."

Bàbá dúró lẹ́yìn wa, ó ti bọ́ bàtà sọ́wọ́. Ó ní, "Mẹ́fà ni wá."

A kò pẹ́ lójú omi. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, orí Àbíkẹ́yìn ló ń wò. Ojú oró tò gẹẹrẹ gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Ìyá Àgbà ti ọwọ́ bọ inú omi, kò sì yọ ọ́ títí a fi padà sí èbúté.

Lọ́nà ilé, gbogbo wọn sùn àfi èmi, awakọ̀ àti Ìyá Àgbà. Ó ní kí n ka ohun tí a ná sí òun létí. Mo tan iná fóònù sí ìwé, mo kà á: ọkọ̀, oúnjẹ, owó ọlọ́kọ̀. Nígbà tí mo dé orí jákẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n tún un kà.

Mo ní, "12,000, Ìyá Àgbà."

Ó mi orí. Ó ní, "Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ọmọ yẹn kò mọ ọjà í ná láti kékeré."