Ọkọ̀ Kan Náà, Omi Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ ọmọ aráyé kò yé dán an wò bóyá àwọn lè mú ìka dọ́gba, ó kéré tán fún wákàtí kan, lójú pápá kan, lábẹ́ òfin kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo òṣùwọ̀n kan náà lọ́jà, tí wọ́n sì ń fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè kan náà nínú ìdánwò. Ìdí kan náà ni àwọn òyìnbó fi dá ìdíje eré ìje kan sílẹ̀, níbi tí gbogbo awakọ̀ ti ń wa oríṣi ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Ugbonla wà ní etí òkun, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Omi ni títì wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí Igbókòdá, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀. Ọmọdé ibẹ̀ yóò ti mọ àjẹ̀ dì mú kí ó tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ọkọ̀ eré ìje ti kó sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Orí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ti ń wo fídíò àwọn ìje àtijọ́, nígbàkigbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá ṣojú àánú. Bàbá bàbá rẹ̀, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ kíkan ọkọ̀ ojú omi, ni ó máa ń rò ó fún, nítorí pé bàbá náà nìkan ni kì í sọ fún un pé kí ó lọ wá nǹkan gidi ṣe.

“Bàbá, ẹ wá wo èyí. Ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń wà.”

Bàbá sún mọ́ fóònù náà, ó fẹjú sí i. “Àwọ̀ wọn kò jọra.”

“Àwọ̀ nìkan ni, Bàbá. Ẹ́ńjìnnì kan náà, ara kan náà.”

“Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ni wọ́n wá ń bá ara wọn dù?”

Ìbéèrè ńlá ni bàbá yìí béèrè. Ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìtàn ìdíje tí ọmọ náà ń wò lọ́wọ́, ìyẹn ìdíje BMW M1 Procar ti ọdún 1979.

Ilé iṣẹ́ BMW ní ilẹ̀ Jámánì ni ó ni ọkọ̀ M1. Wọ́n fẹ́ fi í bá àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn díje, ṣùgbọ́n òfin eré ìje ìgbà náà sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe irínwó (400) irú ọkọ̀ náà. Wọ́n ti gbé apá kan iṣẹ́ náà fún Lamborghini ní ilẹ̀ Ítálì, àmọ́ ìṣòro owó dé bá ilé iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ sì falẹ̀. Jochen Neerpasch, ẹni tí ó jẹ́ olórí ẹ̀ka eré ìje BMW, wá rò ó pé dípò kí ọkọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ máa retí èyí tí kò tíì dé, ẹ jẹ́ kí M1 máa bá M1 díje. Báyìí ni Procar ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìje mẹ́jọ ni wọ́n ṣe ní sáà 1979, ní àwọn pápá ìje ilẹ̀ Yúróòpù tí Formula One ti ń wáyé, ní òpin ọ̀sẹ̀ kan náà pẹ̀lú ìdíje ńlá ọ̀hún. Sáà méjì péré ni Procar lò láyé, 1979 àti 1980, ṣùgbọ́n irú ìdíje bẹ́ẹ̀ kò kú. Láti ọdún 1993 ni Porsche Supercup, tí gbogbo awakọ̀ ibẹ̀ ń wa Porsche 911, ti ń bá Formula One rìn káàkiri.

Nǹkan kan wà nínú ọkọ̀ M1 tí ó dùn mọ́ bàbá nínú nígbà tí ọmọ ń ṣàlàyé rẹ̀. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ara àwọn spíìdì bóòtù tí ń ná Igbókòdá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà mẹ́fà, ẹ̀yìn awakọ̀ ni ó sì wà. Agbára rẹ̀ fún eré ìje tó nǹkan bí agbára ẹṣin 470. Ẹni tí ó bá mọ bí ẹ́ńjìnnì Yamaha alágbára ẹṣin 40 ṣe ń gbé ọkọ̀ èrò fò lójú omi yóò mọ̀ pé kékeré kọ́ ni ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjìlá rẹ̀.

Ẹni tí ó gba ife ẹ̀yẹ sáà 1979 ni Niki Lauda, ọmọ ilẹ̀ Austria. Kì í ṣe àjèjì nídìí eré ìje. Ó ti gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé Formula One ní 1975 àti 1977. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1976, iná jó o nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní pápá Nürburgring débi pé àlùfáà wá gbàdúrà ìkẹyìn fún un, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ó ti padà sídìí ọkọ̀. Nígbà tí ó fi máa di 1979, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Brabham ni ó wà. Ọkọ̀ tí wọ́n fún un níbẹ̀ yára lóòótọ́, àmọ́ kò ṣeé gbára lé. Lónìí ẹ́ńjìnnì yóò kú, lọ́la nǹkan mìíràn yóò já. Nínú gbogbo ìje Formula One tí ó bá wọn wọ̀ lọ́dún náà, méjì péré ni ó parí, máàkì mẹ́rin ni ó sì rí kó jọ. Bí ẹnì kan bá ka ìwé èsì ọdún náà nìkan, yóò ní ọkùnrin yìí ti tán.

Ní ọdún kan náà, ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ní pápá kan náà nígbà mìíràn, Lauda á bọ́ sínú M1, irú èyí tí gbogbo àwọn tó kù wọ̀. Ìje mẹ́ta ni ó borí nínú mẹ́jọ, ti Monaco tí ọ̀nà rẹ̀ há gádígádí wà lára wọn. Ó fi máàkì díẹ̀ ta Hans-Joachim Stuck yọ, ó sì di ọ̀gá. Ọkọ̀ M1 kan ni ẹ̀bùn tí wọ́n fi dá a lọ́lá. Ẹni kan ṣoṣo ni, òun ni ó gba máàkì mẹ́rin níhìn-ín, òun náà ni ó gba ife ẹ̀yẹ lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ ni ó yàtọ̀.

“Ohun tí wọ́n ń dù nìyẹn, Bàbá,” ni ọmọ wí. “Bí ọkọ̀ bá ti dọ́gba, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà ló máa hàn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wà náà á hàn.”

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá béèrè pé, “Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbéra, ta ni wọ́n fi síwájú?”

Ọmọ náà kò retí ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n ó mọ ìdáhùn rẹ̀. Àwọn awakọ̀ Formula One márùn-ún tí eré wọn bá yá jù nígbà ìgbaradì, tí wọ́n sì láyè láti kópa, ni BMW máa ń fún ní ọkọ̀ tirẹ̀, iwájú ni wọ́n sì máa ń fi wọ́n sí. Ẹ̀yìn wọn ni àwọn tó kù yóò tò sí. Bàbá tún bi í bóyá gbogbo àwọn akọni ìgbà náà ni ó wá. Ó ní rárá. Táyà Goodyear ni Procar ń lò, Michelin sì ni Ferrari àti Renault ń lò ní Formula One, nítorí náà àwọn awakọ̀ wọn kò bá wọn kópa. Jody Scheckter, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tí ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́dún 1979 gan-an, ọ̀dọ̀ Ferrari ni ó wà. Ọwọ́ kan náà kọ́ sì ni ó to gbogbo ọkọ̀ ọ̀hún. BMW to díẹ̀ ní Jámánì, Project Four to díẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Osella náà sì to díẹ̀ ní Ítálì.

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Mo ti fi igi kan náà kan ọkọ̀ méjì rí, ìwọ ọmọ yìí. Ìwọ̀n kan náà, ìṣó kan náà. Ọ̀kan ń ná odò, ọ̀kan ń lọ sójú òkun. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bí o bá rí wọn, o ò ní gbà pé ọwọ́ mi ló ṣe méjèèjì. Ọkọ̀ lè dọ́gba. Omi kì í dọ́gba.”

Ìgbà yìí ni ohun tí ó wà nínú ọmọ náà láti ọjọ́ pípẹ́ tó jáde. Èsì ìdánwò WAEC rẹ̀ ti dé ní oṣù tí ó ṣáájú. Ó yege nínú Yorùbá, ó yege nínú ìmọ̀ ìjọba, ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tí ó wà ní Èkó, tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, gba máàkì tí ó dára nínú ìṣirò kan náà.

“Ìbéèrè kan náà ni wọ́n fún wa, Bàbá. Ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Olódo ni mí.”

Ó ti wá hàn pé kì í ṣe ìfẹ́ ọkọ̀ nìkan ni ó mú ọmọ yìí jókòó ti fóònù. Ó ti rí ìdíje tí kò sí àwáwí nínú rẹ̀, ó sì ti fi í dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń dá irú ẹjọ́ yìí fún ara wọn lọ́dọọdún láìsí agbẹjọ́rò.

Láti ọdún 1952 tí wọ́n ti dá àjọ WAEC sílẹ̀, òtítọ́ ni pé wọ́n ń sapá kí ìdánwò lè jẹ́ òṣùwọ̀n kan náà fún gbogbo ọmọ. Ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fún ọmọ etí omi ní ìbéèrè tí ó rọ̀ ju ti ọmọ Èkó lọ, ẹ̀gàn ni wọ́n fi kàn án. Ṣùgbọ́n ìwé ìbéèrè ni ọkọ̀, ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ girama ni omi. Ọmọ Èkó ní olùkọ́ ìṣirò láti ọdún kìíní, ó sì ní ẹlòmíràn tí ń kọ́ ọ nílé lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ Ugbonla yìí lo ọdún kan gbáko láìní olùkọ́ ìṣirò, nítorí pé ẹni tí wọ́n gbé wá kò lè fara da ojú omi. Nígbà tí òkun bá ń ru, ilé ni ó ń wà. Nígbà tí owó epo ọkọ̀ bá wọ́n, ilé ni ó ń wà.

Òkun fúnra rẹ̀ kò sì jókòó sójú kan. Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 nítòsí ibẹ̀, tí òkìkí iṣẹ́ ọwọ́ àti iná mànàmáná rẹ̀ kàn nígbà kan tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ní iná, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé àti ilẹ̀ fún omi òkun. Ọmọ tí ó ń dàgbà ní etíkun náà mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn sùn kí ó sì máa fetí sí ìgbì. Kò sí àyè tí wọ́n ti ń kọ èyí sílẹ̀ nínú ìwé èsì.

Síbẹ̀, ewu wà nínú ọ̀rọ̀ yìí bí wọ́n bá fi í ṣe àga ìjókòó. Lauda ìbá lè kàwọ́ gbera kí ó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ Brabham ní gbogbo ọdún 1979. Òtítọ́ ni yóò máa sọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò ní gba ife ẹ̀yẹ kankan. Ohun tí ó ṣe ni pé ó wá ojú omi mìíràn tí ó lè ti fi ara rẹ̀ hàn, ó sì wa ọkọ̀ níbẹ̀ bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wà. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé àwọn kan wọ M1 kan náà, tí ẹ̀yìn ni wọ́n wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkọ̀ tí ó dọ́gba kì í wa ara rẹ̀.

Ohun tí bàbá sọ fún ọmọ náà kò tó báyìí ní gígùn. Ó ní, “Ẹni tó bá sọ pé omi ò ṣe ọ́ ní nǹkan, irọ́ ló pa. Ìwọ náà tí o bá sọ pé omi nìkan ni, irọ́ lo pa. Ẹ̀kọ́ ìṣirò yẹn, níbo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ?”

“Igbókòdá, Bàbá. Ọjọ́ Sátidé.”

“Èló ni owó ọkọ̀?”

Ọmọ náà dá iye rẹ̀ lé e. Bàbá kò fèsì. Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà létí omi, ó ti bu epo sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì ti nu orí àga iwájú. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ń lọ ní gbogbo Sátidé títí ọjọ́ ìdánwò GCE fi kò. Lójú ọ̀nà, ọmọ á máa ka ìlànà ìṣirò sókè, bàbá tí kò mọ ọ̀kan nínú wọn á sì máa sọ pé kí ó tún un kà nígbàkigbà tí ohùn rẹ̀ bá mì.

Èsì ìdánwò kejì kò tíì jáde. Ọmọ náà ṣì ń wo àwọn fídíò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń béèrè ìbéèrè bàbá rẹ̀ kí ìje tó bẹ̀rẹ̀: ta ni wọ́n fi síwájú, ta ni kò rí ààyè wá? Àwọn olùkọ́ tí ń fi yíǹkì pupa kọ máàkì náà lè máa béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe kí wọ́n lè fi máàkì tọrẹ, bí kò ṣe kí wọ́n lè mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n gbé epo dé.