Mo ní kó ṣubú sẹ́yìn, wọ́n á gbé e

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí yìí ti pẹ́ nínú mi, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè fi yangàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ ọmọ mi ti súkùúlù dé, ó ní tíṣà àwọn sọ pé tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, àwọn máa gun orí tábìlì, àwọn á dijú, àwọn á sì ṣubú sẹ́yìn sọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn, káwọn lè mọ bí wọ́n ṣe ń fọkàn tán èèyàn. Inú ọmọ ń dùn, àmọ́ ńṣe ni àyà tèmi já. Ìyàwó mi wò mí lójú, ó ní, "Bàbá Ṣèyí, ẹ ti rántí, àbí?"

Mo rántí lóòótọ́. Ọdún 1998 ni, tíṣà ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn, kíláàsì SS1 kan ló sì wà lọ́wọ́ mi. Owó táwọn ọmọ náà ń dá jọ fún àríyá ìparí ọdún ló sọnù. Látìgbà náà ni kíláàsì ti fọ́ sí méjì, kálukú ń fojú olè wo ẹnì kejì ẹ̀. Ẹni tí wọ́n fura sí jù ni ọmọbìnrin kan tí màá pè ní Bísí, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ gan-an nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rí i kó mú nǹkan kan o, torí pé ìdí tábìlì tí owó wà lòun ń jókòó sí ni.

Èmi náà ní mo fẹ́ tún kíláàsì ṣe. Mo ti lọ síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan nígbà ọlidé, ibẹ̀ ni mo ti rí eré ìṣubú-sẹ́yìn yìí. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ọdún 1941 ni Kurt Hahn àti Lawrence Holt dá Outward Bound sílẹ̀ ní Aberdovey, ní Wales, káwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ òkun lè ní ìforítì tógun bá ri ọkọ̀ wọn. Nígbà tó di 1951, tiwa náà bẹ̀rẹ̀ ní Man O' War Bay, ní apá ilẹ̀ Kamẹrúùnù tí wọ́n ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà nígbà yẹn. Ẹ̀kọ́ tó dáa ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé mo kàn fojú rí eré náà ni, mi ò kọ́ ọ.

Mo kó wọn jáde síwájú kíláàsì, lórí sìmẹ́ńtì. Mo gbé tábìlì síta, mo ní kí àwọn mẹ́jọ tò sẹ́yìn ẹ̀. Mọ́nítọ̀ kọ́kọ́ ṣubú, wọ́n gbé e, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin méjì tún ṣubú, wọ́n gbé wọn. Ó wá kan Bísí.

Ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n fi í lẹ̀."

Ẹ wo ohun tí èmi àgbàlagbà sọ: "Ṣé o ò fọkàn tán àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ ni?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í, ló bá gun tábìlì.

Bó ṣe dijú báyìí, ẹnì kan nínú àwọn tó tò sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn méjì sì já ọwọ́ wọn sílẹ̀. Bísí gbọ́ ẹ̀rín yẹn bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ara ẹ̀ ò le mọ́, ìdí ẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ láàárín wọn, ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn láti gba ara ẹ̀ sílẹ̀. Mo gbọ́ ró egungun yẹn. Títí dòní ni mo ń gbọ́ ọ.

Ní ọsibítù, wọ́n fi POP di ọwọ́ náà. Ìyá ẹ̀ ti ọjà dé, ata ṣì wà lára aṣọ ẹ̀. Kò pariwo, ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Tíṣà, ta ló ní kẹ́ ẹ fi ọmọ mi dán wọn wò?" Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ọmọ ló ṣubú lójú ayé, àmọ́ èmi gan-an ni mo ṣubú, mo sì wo ẹ̀yìn. Àwọn tó ń pe ọmọ yẹn lólè ni mo fi ẹ̀yìn ẹ̀ lé lọ́wọ́. Mo fẹ́ fi ìdajì wákàtí kan mú ohun tó gba oṣù mélòó kan. Èyí tó burú jù ni pé ọmọ sọ òótọ́ fún mi, mo sì fi òótọ́ ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Báwo ni yóò ṣe tún fọkàn tán ẹnikẹ́ni?

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó wá lọ kọ́ ọ dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, àwọn Project Adventure, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lọ́dún 1971, ní ìlànà kan tí mo fẹ́ràn: ọmọ fúnra ẹ̀ ni yóò yan ibi tí agbára ẹ̀ mọ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bú u. Ọmọ tó ní òun ò ṣe, iṣẹ́ míì wà fún un: kó máa pàṣẹ, kó máa ṣọ́nà.

Ẹ má kọ́kọ́ gbé ìṣubú síwájú wọn. Ẹ fi eré tó rọrùn bẹ̀rẹ̀. Ẹkùn-mẹ́ran tá a ṣe lọ́mọdé, níbi tá a ti ń di ara wa lọ́wọ́ mú yí ẹran ká kí ẹkùn má baà mú un, ṣé kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìfọkàntán nìyẹn? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè di ojú ẹnì kan, kí ẹnì kejì máa fà á lọ́wọ́ rìn. Ẹ ti gbọ́dọ̀ rin ọ̀nà náà kó tó dọ́wọ́ wọn, kò gbọ́dọ̀ sí gọ́tà tàbí òkúta, kò sì sí eré sísá.

Tó bá wá kan ìṣubú, ẹ gbàgbé tábìlì. Orí koríko ni, kí ọmọ dúró sílẹ̀. Kí wọ́n bọ́ aago, òrùka àti awò ojú, kí bírò má sì sí lápò ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ṣubú á ká ọwọ́ mọ́ àyà, á jẹ́ kí ara ẹ̀ le gbọnrangandan. Àwọn tó ń gbé e á fi ẹsẹ̀ kan síwájú, wọ́n á tẹ orúnkún díẹ̀, wọ́n á nawọ́ sílẹ̀ dè é. Á bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ti ṣe tán?" Àyàfi tí gbogbo wọn bá dáhùn kó tó ṣubú. Bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín, eré parí lọ́jọ́ náà. Ẹ bi òbí léèrè ọmọ tó ní ikọ́ fée, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ SS, àti èyí tó ti dá egungun rí. Tíṣà ò sì gbọdọ̀ jókòó sọ́ọ́fíìsì.

Lọ́dún kejì, a tún un ṣe báyìí. Bísí ò ṣubú, mi ò sì sọ pé kó ṣe é. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Òun ló dúró tì wọ́n tó ń wo ọwọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú sí mi, ó ní, "Sà, ọwọ́ tẹni yìí ò tíì ṣe tán." Mo dá eré dúró lójú ẹsẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò tún wojú mi sọ̀rọ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti ṣubú.

Ní ti ọmọ ọmọ mi, mo ti lọ bá tíṣà ẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò mọ̀ pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: "Tíṣà, tí ọmọ kan bá ní ẹ̀rù ń ba òun, kí lẹ máa sọ fún un?" Ó ronú títí. Ẹ̀yin náà, tí wọ́n bá fẹ́ ṣe irú eré yìí ní súkùúlù àwọn ọmọ yín, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi wọ́n nìyẹn.