Abẹ̀èrè Kì í Ṣìnà: Iṣẹ́ Àṣetiléwá ní Clara Town

Clara Town wà ní erékùṣù Bushrod, ní Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, ilé sì fún mọ́ ilé. Ibẹ̀ ni George Weah, agbábọ́ọ̀lù tó ṣe Ààrẹ orílẹ̀-èdè náà láti 2018 sí 2024, ti dàgbà. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, bí ọmọ bá gba iṣẹ́ àṣetiléwá tí òbí rẹ̀ kò lè kà, ọ̀dọ̀ aládùúgbò tó mọ̀wé ni yóò gbé e lọ.

Ìṣirò ni ọmọ kan gbé wá, sáyẹ́ǹsì ni ti èkejì, ìtàn ni ti ẹ̀kẹta. Ìwé ní kí ọmọ wá "difference" láàrin 12 àti 7. Ọmọ dáhùn pé ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. Kò purọ́. Sáyẹ́ǹsì béèrè nípa "matter". Ọ̀ràn tàbí wàhálà ni ọmọ mọ ọ̀rọ̀ náà sí. Ìtàn ní kí ó "account for" òmìnira 1847. Ó ń wá owó tí wọ́n ná. Iṣẹ́ mẹ́ta ni a rò pé a rí, ìṣòro kan ṣoṣo sì ni: Gẹ̀ẹ́sì ìwé ni wọ́n fi béèrè, Kolokwa, Bassa, Kpelle tàbí Vai ni wọ́n ń sọ nílé.

Ẹ jẹ́ kí a yí ìbéèrè àkọ́kọ́ padà. Ìyá kan gbé ife ìrẹsì 12 lọ sọ́jà, ó ta 7. Mélòó ló kù? Ọmọ náà yóò ti dáhùn kí a tó pa ẹnu dé. Ní 1967, John Gay àti Michael Cole tẹ ìwé jáde lórí ìṣirò láàrin àwọn Kpelle Làìbéríà. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn àgbà fojú díwọ̀n iye ife ìrẹsì, ìdíwọ̀n àwọn Kpelle súnmọ́ òótọ́ ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Ìmọ̀ wà nílẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà pè é jáde ni kò tọ́.

Àbùkù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ogun tó parí ní 2003 ti ba ilé-ìwé jẹ́. Ní 2013, nǹkan bí 25,000 ènìyàn ṣe ìdánwò ìwọlé sí Yunifásítì Làìbéríà. Èsì àkọ́kọ́ fi hàn pé kò sí ẹyọ ẹnì kan tó yege. Àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa wà lára ohun tí wọ́n dárúkọ. Ọdún kejì ni Ebola tún ti ilé-ìwé pa, títí di oṣù Kejì 2015.

Nítorí náà, ìdẹwò ńlá ni fún ẹni tí a ń bi. Ilẹ̀ ń ṣú, ọmọ ń kánjú, ìdáhùn kò sì wọ́n. Bí a bá pè é fún un, yóò gba máàkì lọ́la. Ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ kì í bá ọmọ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó sàn kí a kọ́kọ́ ní kí ó fi èdè ilé rẹ̀ sọ ohun tí ìbéèrè ń fẹ́.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Abẹ̀èrè kì í ṣìnà, bí ó bá gbọ́ ohun tí òun alára ń béèrè.