Ta Ni Òfin Ń Pè Ní Ọmọ?

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè pé ọ̀rọ̀ náà 'ọmọ' kò ka ọjọ́ orí sí nínú èdè Yorùbá. Ẹni àádọ́ta ọdún tí ìyá rẹ̀ wà láyé, ọmọ ni lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo gbà pé mo mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí dájú, títí di ọdún 2008 tí mo fẹ́ ìyàwó mi, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Ghana.

Opó ni nígbà tí a pàdé. Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, tí ó ti pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó ní Accra. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, mo sì ti di ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá fẹ́ ìyá ẹni ni baba ẹni. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀: n ó kọ̀wé nítorí ìyá, n ó kọ̀wé nítorí ọmọ, a ó sì jọ máa gbé.

Agbẹjọ́rò tí a lọ bá ni ó là mí lójú. Nínú òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà, ọmọ tí ìyàwó ẹni ti bí sílẹ̀ kò lè di ọmọ ẹni àfi bí ìgbéyàwó náà bá wáyé kí ọmọ ọ̀hún tó pé ọdún 18. Ọmọ tiwa ti fi ọdún méjì kọjá ààlà. Èyí nìkan kọ́. Ẹni tí kò tí ì pé ọdún 21, tí kò sì tí ì ṣe ìgbéyàwó, ni òfin náà ń pè ní 'child'. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, ó di 'son' tàbí 'daughter', ọ̀nà rẹ̀ sì yàtọ̀. Èdè Yorùbá ní 'ọmọdé' fún ọjọ́ orí, ó sì ní 'ọmọ' fún ìbátan. Bẹ́ẹ̀ náà ni Twi, èdè ìyàwó mi, ti ya 'abofra' sọ́tọ̀ kúrò lára 'ba'. Òfin yìí lọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ra, ó sì ń fi ọ̀kan wọn ìkejì.

Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. 'Child' tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kì í tò sórí ìlà. Fún àwọn tí ó ti dàgbà tí wọn kò tí ì ṣe ìgbéyàwó, 23,400 físà ni òfin ọdún 1990 yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún gbogbo àgbáyé. Ní 2009, ìyàwó mi dé pẹ̀lú káàdì ìgbélùú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ fọ́ọ̀mù I-130 nítorí ọmọ rẹ̀, tí ó ti di ẹni ọdún 21. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀: bí ọmọ bá ṣe ìgbéyàwó kí ìyá tó di ọmọ orílẹ̀-èdè, ìwé náà di òfo.

Ní 2011, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ wá kan ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn ní Ghana. Ọmọ náà kò pe ìyá rẹ̀. Èmi ni ó pè. Ó ní, "Dádì, kí ni kí n ṣe?" Mo ṣe àlàyé fún un. Mo ní ìyá rẹ̀ yóò di ọmọ Amẹ́ríkà ní 2012. Bí ó bá ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn ìgbà náà, ìwé rẹ̀ kò ní kú, ṣùgbọ́n yóò bọ́ sórí ìlà mìíràn tí ó lè gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ. Mo ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo sì túmọ̀ òwe náà fún un. Ó ní òun ti gbọ́. Ó dúró. Ọkùnrin náà kò dúró.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìdí tí mo fi gbé ìwé ga tó bẹ́ẹ̀, n ó dáhùn pé Kumasi ni wọ́n ti bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kí wọ́n kúrò ní Ghana. Baba mi fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tọjàtọjà. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù àìníwèé ti wà lára mi. Ẹ̀rù yẹn ni mo gbé lé ọmọ náà lórí, tí mo pè é ní ìmọ̀ràn.

Ó kàn wá ní ìparí ọdún 2016. Nítorí pé owó tí ń wọlé fún ìyàwó mi kò tó iye tí òfin béèrè, wọ́n ní kí èmi náà tọwọ́ bọ fọ́ọ̀mù I-864A, pé n ó bá a gbé ẹrù ìtọ́jú ọmọ náà. Òfin tí ó ní n kì í ṣe baba rẹ̀ rí mi gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́ tayọ̀tayọ̀.

Ó dé ní 2017, ó jẹ́ ẹni ọdún 29. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ìyá rẹ̀ ti sùn, ó sọ fún mi láìgbóhùn sókè pé, "Dádì, àlàyé òfin ni ẹ ṣe fún mi lọ́jọ́ yẹn. Baba ni mo pè, kì í ṣe lọ́yà. Ẹ kò tilẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀." N kò rí èsì fọ̀. Bí a bá ṣírò ọdún, ìmọ̀ràn mi kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n n kò béèrè ìbéèrè tí baba máa ń béèrè. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní òun ti gbọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí ní 2011.

Mo ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé 'ọmọ' kò ka ọjọ́ orí sí. Ohun tí mo fi kún un ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í dá dúró: bí a bá ti pe ẹnì kan ní ọmọ, a ti pe ẹlòmíràn ní òbí. Òfin lè gba àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ìkejì, ọwọ́ ẹni ni ó wà.